Ọmọ tó kọ́ dátà náà lè dúró sóko

Mo ka ìròyìn kan nípa àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà àti dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ iye nǹkan. Ibi tí akọ̀ròyìn tó kọ ọ́ ti ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní padà sóko mọ́ ni mi ò ti gbà fún un. Àbúrò mi kà á ní yunifásítì, oko bàbá wa lápá Ìṣẹ́yìn ló sì wà báyìí. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó mú fóònù dání, ó rìn yí oko náà po, ó fi wọn ilẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá ń pè ní éékà márùn-ún kò tó mẹ́rin! Bẹ́ẹ̀ iye éékà márùn-ún ni wọ́n ti ń san fún oní-katakata látọjọ́ yìí wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóko, ẹ wo Nuru, áàpù orí fóònù tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, àti Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà jọ ṣe. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́ tó pọ́n rúsúrúsú tó sì ká kò, á sọ bóyá àrùn mosaic ni, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó dùn mí ni pé dátà àgbàdo Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ àbúrò mi nílé ìwé. Ṣé oko ilé ìwé wọn kì í rójò ni? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ iye òjò àti iye ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń hú níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn olùkọ́ máa fi ìyẹn kọ́ wọn.