Páìpù tóóró kì í fi kún ìfúnpá omi

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ fi páìpù kékeré sí i, ìfúnpá á pọ̀." Ó sú mi o. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀n!

Ẹ mú páìpù tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tí ìbú inú rẹ̀ jẹ́ 50 mm, tó wá di 25 mm. Bí omi bá ń sáré 1 m/s níbi tó gbòòrò, 4 m/s ló máa sá níbi tó há, torí iye tó wọlé náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Níbo ló ti rí eré yẹn? Inú ìfúnpá rẹ̀ ló ti ná an: 7.5 kPa (kilopascal, òṣùwọ̀n ìfúnpá), ìwúwo omi tó ga tó 76 cm. A ò tíì ka bí omi ṣe ń fara ha ògiri páìpù o. Bí iye omi ò bá yí padà, ìfúnpá tí ìfarahá yẹn nìkan ń jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 32 lórí mítà kọ̀ọ̀kan bí ìbú bá dín sí ìdajì.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ lu ihò 2 mm sí ẹ̀gbẹ́ páìpù níbi méjèèjì. Ẹ má lù ú lókè, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́; ẹ má lù ú nísàlẹ̀, ìdọ̀tí á dí i. Ẹ fá etí ihò náà nínú lọ́hùn-ún títí á fi dán, torí irin kékeré tó bá yọ síta á ba kíkà jẹ́. Kí páìpù gùn tààrà tó ìlọ́po mẹ́wàá ìbú rẹ̀ kó tó kan ihò àkọ́kọ́, láìsí fáàfù, láìsí ibi tó tẹ̀. Ẹ so róbà tí a lè rí inú rẹ̀ mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e dúró, kí ẹ so orí méjèèjì pọ̀ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sókè. Ẹ ti fáàfù tó wà níwájú, níbi tí omi ń jáde lọ lẹ́yìn ihò méjèèjì, pa ná: omi inú róbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, afẹ́fẹ́ ti há sínú ọ̀kan. Bí èyí tó há bá gùn ní 5 cm, 5 cm ni kíkà yín fi ṣìnà. Ẹ lé e jáde. Nígbà tí omi bá wá ń ṣàn, róbà ibi tóóró ló máa rẹlẹ̀. Ní gbogbo ìgbà.

Géèjì, aago tó ń ka ìfúnpá, ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Géèjì 10 bar (1000 kPa) tí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 1.6% lè fi 16 kPa ṣìnà, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ń wá lọ. Ẹ fi méjì irú rẹ̀ síbẹ̀, ibi tóóró lè ka púpọ̀ jù, lẹ ó wá pariwo pé ẹ ti rí ẹ̀rí.

Àtàǹpàkò lẹ́nu róbà ńkọ́? Ẹ̀yìn àtàǹpàkò ni ìfúnpá ti ga, torí omi tó ń kọjá ti dínkù, róbà ò sì jẹ ìfúnpá púpọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà. Omi tó ti jáde, ìfúnpá afẹ́fẹ́ ìta ló ní.

Ó dáa, afẹ́fẹ́ tó bá ń sáré ju ìró lọ ń ṣe òdìkejì. Ta ló ń gba ìyẹn nínú páìpù ilé?

Bí ẹ bá fẹ́ kí omi tú jáde gan-an, ẹ fi páìpù gbòòrò gbé e débẹ̀, kí ẹnu ìjáde nìkan há.