Irọ́ ni pé "kò sókùú, kò sẹ́jọ́"

Ohùn àgbàsílẹ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp ní Òṣogbo, láti Ọjà Ọba dé Ọlá-Ìyá: pé bí wọn ò bá rí òkú, apànìyàn yóò bọ́ ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìjọba ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀ kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání: pé ẹnìkan kú, pé olùjẹ́jọ́ ló ṣekú pa á, pé ó sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Àmọ́ òkú nìkan kọ́ ló ń jẹ́rìí ikú. Bí ẹ̀jẹ̀ olóògbé bá wà lára aṣọ olùjẹ́jọ́, tí ẹ̀rí yòókù sì tọ́ka sí òun nìkan, adájọ́ lè dá a lẹ́bi.

Ẹ wo abala 135 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, tàbí kẹ́ ẹ bi lọ́yà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pín in (ó kúkú dùn létí), ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ tẹ̀lé e.