Ẹ yé é lé staph kiri

Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta àgbo nínú mọ́tò, ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò: “Staph ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, òun ló sọ àtọ̀ rẹ di omi, òun ni kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ lóyún.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí tọkọtaya ń ná sí i dùn mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí obìnrin tó ń lọ níbi tí wọ́n ti ń lé staph ló dùn mí jù.

Staphylococcus aureus, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní staph, kì í ṣe àlejò lára ènìyàn. Nínú ènìyàn 10, bíi 3 ló ń gbé e kiri nínú ihò imú láìsí àìsàn kankan. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ibà líle ni yóò dá ẹni náà dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Kò ní lè dúró ní ibùdókọ̀ kó máa ná àgbo.

Báwo ló ṣe wá ń hàn nínú ìwé àyẹ̀wò? Ọkùnrin kan mú èsì mẹ́ta wá bá mi ní láàbù, staph ni gbogbo wọn kọ. Mo bi í bó ṣe gba àtọ̀ náà. Ó ní ilé lòun ti gbà á, sínú ike ìpara tí ìyàwó òun fọ̀, òun kò fọwọ́, òun sì fi itọ́ sí i kó lè yọ̀. Ibẹ̀ ni staph ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ gba àtọ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ̀, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀, kó ṣàn án, kó nù ún gbẹ, kó tó gbà á sínú ike tuntun tí láàbù fún un.

Nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ka sípáàmù rẹ̀, ìyẹn irúgbìn ọmọ tó ń wà nínú àtọ̀. Nígbà tí a kà á, a kò rí ẹyọ kan. Mo bi í nípa ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti ṣe àtọ̀sí rí, ọyún ń jáde, kórópọ̀n òun wú, òun ra oògùn ní kẹ́mísì, ó sì lọ.

Kòkòrò ń ba ọ̀nà ọmọ ọkùnrin jẹ́ lóòótọ́, àtọ̀sí àti chlamydia, kòkòrò mìíràn tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, pàápàá. Lẹ́yìn kórópọ̀n, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ká jọ. Bí a bá nà án, ó tó mítà 6. Inú rẹ̀ ni sípáàmù ti ń gbó. Bí kòkòrò bá gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ dé ibẹ̀, ó lè dá egbò síbẹ̀, àpá egbò náà á sì dí ọ̀nà pa. Àtọ̀ á ṣì máa jáde bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ibòmíràn ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí ojú lásán kò fi lè mọ àtọ̀ tó dára: èyí tó ki lè ṣófo.

Bí ọ̀nà kò tilẹ̀ dí, àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá kòkòrò jà ń tú oró jáde. Oró náà ń jẹ awọ sípáàmù, ó ń gé DNA (ohun àjogúnbá) inú rẹ̀, ìrìn rẹ̀ á sì falẹ̀. “Pus cells” ni láàbù máa ń kọ fún àwọn ọmọ ogun ara náà. Bí wọ́n bá ju mílíọ̀nù 1 lọ nínú mìlílítà àtọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí dókítà wádìí. Chlamydia tilẹ̀ lè má ṣe ọkùnrin ní nǹkan kan, kó sì ti ran ìyàwó rẹ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì ni wọ́n ń tọ́jú pọ̀.

Ẹlòmíràn á ní, “Mo mu àgbo staph, ìyàwó mi sì lóyún.” Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n iye sípáàmù ọkùnrin kan náà ń lọ sókè sódò láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń lóyún lẹ́yìn ìdúró pípẹ́ láìlo ohunkóhun.

Ọkùnrin yẹn ti wà lọ́dọ̀ dókítà báyìí. Bí kórópọ̀n rẹ̀ bá ṣì ń ṣe sípáàmù, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fà á níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e wá lọ́jọ́ náà, ẹni ọdún 38. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àgbo staph, 33 ni.