Wolé-wolé tó fi eérú fa ìlà

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Lánàá ni ẹnì kan tún ń sọ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa pé bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé, sójà ni kí ìjọba tú síta lọ́jọ́ kìíní, pé ọmọ Nàìjíríà kò gbọ́ èdè mìíràn. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní láti jẹ́ pé ẹni yẹn kò gbé Àbújá lọ́dún 2020, tàbí kó jẹ́ pé inú ọgbà onígéètì ló jókòó sí.

Àwa tá a wà níbẹ̀ kò gbàgbé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni kónílé-ó-gbélé kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Buhari kọ́kọ́ pè é, ó tún fi kún un; ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó dẹ okùn rẹ̀. Ní Àbújá, wọ́n ní Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta nìkan ni kí ọjà oúnjẹ máa ṣí. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn ná: àrùn tó jẹ́ pé ìkórajọpọ̀ ló ń bá a rìn, wọ́n wá kó ọjà ọjọ́ méje sínú ọjọ́ méjì.

Ilé iṣẹ́ wa ti tì pa nígbà yẹn, èmi ni mo ń bá Ìyá Ìbejì ru ẹrù lọ sọ́jà àdúgbò wa. Ọjọ́rú kan, àwọn kan tó wọṣọ ìjọba dé. (Mi ò ní sọ irú aṣọ tó jẹ́.) Ìbòmú tiwọn wà lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n ń na kòbókò sí àwọn tí kò lo ìbòmú. Wọ́n da páànù tòmátì Ìyá Ìbejì sí gọ́tà. Kí ni tòmátì ṣe? Ibi tí gbogbo wa ti ń sá, a rọ́ lu ara wa lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí kòrónà bá wà lára ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́jọ́ náà, àwọn ni wọ́n bá a pín in kiri.

Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e ni wolé-wolé dé. Obìnrin kan péré, ọmọ Kàbà, ó ki bírò bọ inú irun. Wọn ò fún un ní ṣọ́ọ̀kì, wọn ò fún un ní mọ́tò. Ó ní, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá eérú.” Eérú kẹ̀? A bu ú fún un nídìí ààrò ìyá alákàrà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ó ń da eérú náà sílẹ̀ bí ìlà. “Ẹni tó ń rà kò ní kọjá ibí. Ẹni tó ń tà, ibí ni tiyín.” Ó tọ sarkin kasuwa, olórí ọjà, lọ, ó fi Haúsá bá àwọn obìnrin Gbagyi tó gbé iṣu lé èjìká sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n lọ máa tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé tó wà ní títì. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Lóru, òjò gbá ìlà náà lọ. Ní Ọjọ́rú, ká tó dé ọjà, ó ti ń fa òmíràn.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ wolé-wolé di áńgẹ́lì. Àwọn ìyá wa mọ̀ wọ́n dáadáa: tanwíjí kan nínú ìkòkò omi, owó ìtanràn ni. Kí wọ́n tó dé ìkóríta, ariwo á ti gba àdúgbò, oníkálukú á máa da omi nù. Àwọn kan nínú wọn ń gba ẹ̀gúnjẹ dòní, èmi náà ti san rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìkòkò omi ẹni mọ ojúlé ẹni.

Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ìwé òfin ọdún 1999, Àfikún Kẹrin: ìjọba ìbílẹ̀ ló ni àbójútó ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, ìdọ̀tí kíkó àti bùkà. Gbogbo ibi tí èrò ti ń pàdé nìyẹn! Mẹ́fà ni area council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tó wà ní Àbújá, láti AMAC títí dé Abaji. Ṣé àwọn la rí lójú títì ní 2020? Taskforce mínísítà la rí, ọlọ́pàá la rí, kóòtù alágbèéká la rí. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kéde nígbà náà pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èèyàn 18 ni àwọn agbófinró pa káàkiri orílẹ̀-èdè. Àrùn náà fúnra rẹ̀ kò tíì pa tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ní oṣù Kínní 2021, òfin mìíràn tún jáde: owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Mi ò rí ẹni tó fún wolé-wolé ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan.

Mi ò ní kí ọlọ́pàá má jáde o. Ẹni tó ṣí ilé ijó lóru, tó kó igba èèyàn sínú rẹ̀, eérú kọ́ la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìyá aláta ńkọ́?

Wolé-wolé tún dé ọjà wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin méjì. Ìyá Ìbejì fi gọ́tà tí náílọ́ọ̀nù ti dí pa hàn wọ́n. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, onígbáméjì kò sì jìnnà. Wọ́n ní gọ́tà kì í ṣe ti ẹ̀ka tàwọn, wọ́n já rìsíìtì fún un. Ó wá béèrè obìnrin Kàbà yẹn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.