Ẹ fún mi ní yàrá tó kọjú sí ojú irin

Inú ń bí mi láti àná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi wá yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi ń bọ̀ láti Èkó, ọdún 31 ni wọ́n sì fi ṣe gáàdì rélùwéè, ẹni tó máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ láti mójú tó o. Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ lé mi tipẹ́ mọ̀ pé bí mo bá fẹ́ sùn síta, n kì í kọ́kọ́ wo bẹ́ẹ̀dì, n kì í wo oúnjẹ àárọ̀. Fèrèsé ni mo máa ń béèrè. Bí n kò bá ní rí ọkọ̀ ojú irin láti ojú fèrèsé, kí wọ́n gbé yàrá yẹn fún ẹlòmíràn.

Fóònù ni mo fi pè wọ́n. Ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti jẹ mí níyà rí. Wọ́n ní yàrá kọjú sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Mo débẹ̀, iwájú ilé ibùdókọ̀ ni mo bá, níbi tí táksí ń tò sí. Ẹ̀yìn ilé yẹn ni gbogbo ọkọ̀ wà! Nítorí náà, ojú irin gan-an ni kí ẹ máa dárúkọ, ẹ má dárúkọ ibùdókọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá igi wà níwájú fèrèsé, torí igi tó wà lásán nígbà òtútù, tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, ewé rẹ̀ á ti bo gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹ gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nísàlẹ̀, ògiri lẹ máa wò. Ẹ bi wọ́n bóyá fèrèsé ṣeé ṣí. Èyí tí kò bá ṣeé ṣí, bí ẹni ń wo fọ́tò ni.

Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà yàrá. Ìgbà tí a débẹ̀ lánàá, ọmọbìnrin tó ń pín kọ́kọ́rọ́ wo bàbá mi, ó wo ewú orí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti bá wa pààrọ̀ yàrá. Ọ̀fẹ́ ni o. Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ilé ló wà, níbi tó pa rọ́rọ́, kí bàbá lè rí oorun sùn.

Ọgbà òdòdó ló kọjú sí.

Ta ló sọ fún wọn pé àìsàn ni ohùn ọkọ̀ ojú irin? Rélùwéè ló bí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ilẹ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Midland ló kọ́ èyí tó wà níwájú ibùdókọ̀ St Pancras ní London, 1873 ló ṣí. Ní Edinburgh, aago orí hòtẹ́ẹ̀lì Balmoral, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Waverley, máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yá, kí ọkọ̀ má bàa fi èrò sílẹ̀. Ọjọ́ tí ọdún bá ń parí lọ nìkan ni wọ́n ń tún un ṣe. Ìyá tó bí wọn ni wọ́n wá ń fi pamọ́ fún àlejò yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ta ló ń sanwó láti gbọ́ ariwo, mo ti rí yín. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ sọ pé àṣà òyìnbó ni, ẹ bi ẹni tó dàgbà ní Agége, ní Ọ̀fà, ní Òṣogbo, bóyá kò sáré jáde lọ juwọ́ sí rélùwéè rí. Kọ́ńpáùndì rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni wọ́n ti bí èmi.

Mo bá ọmọbìnrin yẹn fà á títí ó fi dá yàrá wa padà. Ẹ wo ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa: ibùdókọ̀ York tí wọ́n ṣí ní 1877, tí òrùlé irin àti gíláàsì rẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ bí ọrun, tí ọkọ̀ London sí Edinburgh ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lódìkejì ojú irin ni mùsíọ́ọ̀mù rélùwéè wà, níbi tí ọkọ̀ eléèéfín tó ń jẹ́ Mallard wà, èyí tó sá eré máìlì 126 ní wákàtí kan ní 1938. Títí dòní, kò sí ọkọ̀ eléèéfín mìíràn tó tíì sá jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti yà á wò kí a tó wọ hòtẹ́ẹ̀lì. Bàbá mi ṣí fìlà fún un.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì kejì dún. Bàbá mi ti dìde jókòó, èmi ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀ kí ife orí tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ẹrù ni."

Wọ́n fa kọ́tìnnì sẹ́yìn. Bí wágọ̀nù ṣe ń kọjá ni wọ́n ń fi ìka lu igi fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Inú mi dùn, mo ní ohun tí mo torí ẹ̀ mú wọn wá nìyí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, wọ́n sún mọ́ gíláàsì títí èémí wọn fi bò ó.

"Àjọkẹ́, gáàdì wọn dà?"

"Bàbá, wọn kì í fi gáàdì sí ọkọ̀ ẹrù níbí mọ́. Dírẹ́bà nìkan ni."

Iná pupa kékeré kan ló wà ní ìdí ọkọ̀ náà. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí ó fi wọnú òkùnkùn lọ. Ọkọ̀ mẹ́rin mìíràn kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí èyí tí wọn ò dìde sí.

Láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin yẹn bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Wọ́n ní àwọn sùn, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n bi mí bóyá yàrá yẹn náà la tún máa sùn lálẹ́ òní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Kò burú."

Wọ́n ń tòògbé lórí àga níwájú fèrèsé bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti lọ béèrè nísàlẹ̀: yàrá ẹ̀yìn yẹn ṣì ṣófo.