Ẹsẹ̀ Ìyá Ọkọ Nínú Ojú Ẹsẹ̀ Agbóògùn

Ìwé ìtọ́sọ́nà àlejò ti tún dé sórí WhatsApp o. Ojú ewé 14. Mẹ́sàn-án jẹ́ àwòrán tọkọtaya níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn, márùn-ún tó kù jẹ́ ìmọ̀ràn fún ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn ṣe ìgbéyàwó ní Ìdànrè. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láyé àtijọ́, káàdì lásán ni wọ́n ń fún èèyàn. Ẹni tó bá ṣìnà, a jẹ́ pé kò fẹ́ dé ni.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ dára púpọ̀: kí àlejò gun òkè Ìdànrè láàárọ̀ ọjọ́ ìdána, kí ara lè jí pépé. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600. Ìdána bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Ẹni tí ara rẹ̀ le á lo bíi wákàtí kan kó tó dé ìlú àtijọ́ lókè. Ẹ jẹ́ kó yọjú sí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, àti ibi tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sí ní 1896, kó tó tún máa bọ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ló sì ń ba itan jẹ́ ju gígùn lọ, torí iṣan itan ló ń ṣe bíréèkì ní gbogbo ìṣísẹ̀. Irú itan tó ń gbọ̀n yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ máa gbé wá síwájú àna láti dọ̀bálẹ̀. Alága ìjókòó á ní kí wọ́n tún un ṣe, pé ti àkọ́kọ́ kò kan ilẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe. Ta ló máa wá gbé wọn dìde?

Àárín 1928 sí 1933 ni àwọn ará Ìdànrè fúnra wọn kó kúrò lókè wá sísàlẹ̀. Àwọn tó ni òkè ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá ní kí àlejò tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé gùn ún pẹ̀lú gèlè.

Ṣùgbọ́n ojú ewé keje ló gba adé. Wọ́n ní kí ẹbí méjèèjì tò lọ síbi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lára òkúta lókè, kí kálukú ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ayàwòrán máa yà á. Kí ìyá ọkọ ṣáájú, kí ìyá ìyàwó tẹ̀ lé e. Ìtàn tí àwọn tó ń mú àlejò káàkiri lókè máa ń sọ ni pé ojú ẹsẹ̀ yìí ń gba ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, àtọmọdé àtàgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ìyẹn lẹ fẹ́ fi dán ìyá ọkọ wò, níwájú àna, níwájú kámẹ́rà!

Ìyá ẹni ọdún 65 tó jókòó sínú mọ́tò láti Èkó lánàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú kó tó tẹ àtẹ̀gùn kìíní. Bàtà tó bá a mu ní aago mẹ́fà, kò ní bá a mu mọ́ ní mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ tó wú yìí ni kó wá kì bọ inú òkúta. Bí àtàǹpàkò bá wọlé tí gìgísẹ̀ ò wọlé ńkọ́? Bó bá ṣe ọmọńdinrín nìkan ló ṣẹ́kù síta, ṣé ìdajì àjẹ́ la máa kà á sí? Tí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ bá wọlé wọ̀ọ̀, tí ti ìyá ìyàwó wá há, ṣé a ṣì máa jẹ jọ́lọ́ọ̀fù? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí bàtà bá aṣọ ẹbí mu. Bàtà gogoro ńkọ́? Gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa wọlé. Ó yẹ kí ojú ewé kẹjọ jẹ́ nọ́ńbà ẹni tó máa là wọ́n.

Ẹ tún ní ká lọ wo wíwọ̀ oòrùn lórí àpáta, nínú oṣù January. Ọyẹ́ á ti da aṣọ bo gbogbo rẹ̀. Ìgbéyàwó oṣù September sì ńkọ́? Àpáta tí òjò pa ń yọ̀ bí ilá.

Ìwà àṣehàn ni, ẹ má bínú sí mi. Kò sí ojú ewé kan tó sọ ibi tí àgbàlagbà ti máa tọ̀. Kò sí èyí tó sọ pé bí òtẹ́ẹ̀lì Ìdànrè bá kún, Àkúrẹ́ lèèyàn máa sùn, kó sì tètè gbéra láàárọ̀. Wọ́n ní ká fi fóònù pe ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ ọ̀kadà ló wà níta. Obìnrin tó bá fi ìró gun ọ̀kadà, kó wọ ṣòkòtò pélébé sábẹ́, kó ya ẹsẹ̀ méjèèjì, kó ká etí ìró sáàárín orúnkún, torí bí wáyà táyà ẹ̀yìn bá fà á, aṣọ nìkan kọ́ ló máa lọ. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó kan ni wọ́n ń yàn sórí ọ̀rọ̀ àlejò: ẹní, omi gbígbóná, iyán. Kò ya àwòrán kankan, àlejò sì sùn.

Bó bá di dandan kẹ́ ẹ kọ̀wé, ẹ kọ èyí: ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni kí ẹ gùn ún, ní aago méje kí àpáta tó gbóná, bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ, omi lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kan, owó kéékèèké lọ́wọ́ fún tíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀. Kí àwọn ìyá jókòó. Òkè náà hàn kedere láti abẹ́ kánópì.

Ojú ewé 14 nìkan ni kò ní àbùkù. Nọ́ńbà àkáǹtì tọkọtaya, dígíìtì 10 pé pérépéré, wọ́n sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí àlejò má baà ṣìnà.