Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Ṣeré Ní Glover Hall

Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń kọjá níwájú Glover Memorial Hall ní ìsàlẹ̀ Marina l'Ékòó tí wọn ò wojú ẹ̀ rárá, báǹkì àti ọ́fíìsì ni wọ́n ń sáré lọ. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà o, lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1903, ilé-iṣẹ́ Balboa láti Barcelona ló gbé e dé, Herbert Macaulay ló bá wọn ṣètò ẹ̀.

Ayé Kúìnì Victoria ni wọ́n kọ́ ilé yẹn, wọ́n fi ṣèrántí John Glover, gómìnà táwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Golobà. Kọ́ńsáàtì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà, orin òyìnbó, èdè òyìnbó. Ó wá di 1944, Hubert Ogunde, ọlọ́pàá ni nígbà yẹn, kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wá láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, wọ́n fi orin Yorùbá ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì lórí ìtàgé yẹn kan náà, èrò sì wá wò ó! Lọ́dún kejì ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tíátà ló gbájú mọ́ títí tó fi kú, ẹ wo iye àwọn tó tọ ipasẹ̀ ẹ̀.

Àwọn kan á ní ilé tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe tàkọ́kọ́ mọ́, wọ́n ti tún un kọ́. Òótọ́ ni. Ìdí tá a ṣe ń pariwo gan-an pé kí eré ìtàgé máa wáyé níbẹ̀ nìyẹn. Ògiri àtijọ́ ti lọ, tí eré bá tún kúrò níbẹ̀, tó jẹ́ pé wèdíǹ àti mítìn nìkan ni wọ́n ń háyà ẹ̀ fún, kí ló kù níbẹ̀ yàtọ̀ sórúkọ Golobà? Ẹ ṣáà rántí Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinúbú l'Ékòó, láti 1956 ló ti wà lábẹ́ òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ lóṣù kẹsàn-án 2016, ó ṣì ń dùn wá dòní.

Ohun tá a fẹ́ ò pọ̀. Kí ìjọba Èkó àtàwọn tó ń bójú tó họ́ọ̀lù náà fi Sátidé kan sílẹ̀ lóṣooṣù fáwọn òṣèré ìtàgé Yorùbá, kí wọ́n má gbowó họ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, kí tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ iye tí ìyálọ́jà Ìdúmọ̀tà lè san, káwọn ọmọ iléèwé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.